Ẹ̀rọ awárin wo ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni màá sì ṣe mọ̀ ọ́n lò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń wù mí kí n máa fi ẹ̀rọ awárin wá nǹkan nínú ilẹ̀: owó ẹyọ àtijọ́, òrùka tó sọnù, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan lò lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ibi gbogbo ló sì ń ké. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi gbẹ́lẹ̀, ìṣó mẹ́rìnlá àti ọmọrí ìgò kan ni mo rí. Ẹnì kan wá fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún mi tó ní ó máa ń rí wúrà láti àádọ́ta mítà. Ẹlòmíràn ní àfi kí n ra èyí tó gbówó lórí jù, pé àwọn tó kù kò dáa. Èwo ni kí n rà? Báwo ni màá sì ṣe mọ̀ ọ́n lò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfẹ́ nǹkan yìí, ẹ sì kú ìnira wákàtí mẹ́ta yẹn.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ ríra, ẹ jẹ́ ká yanjú ti ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́, kò sì parọ́ fún yín. Ìṣó mẹ́rìnlá ló wà nínú ilẹ̀, ìṣó mẹ́rìnlá náà ló bá yín rí. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, ẹ ò tíì gbọ́ èdè rẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́ èdè dùndún, ariwo ló máa pè é. Ẹni tó gbọ́ ọ á ti máa dáhùn oríkì rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù, tó tì í sábẹ́ ibùsùn kí oṣù kan tó pé. Mo sì mọ ẹni tí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì ń bá a rí nǹkan. Etí ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó rọrùn, tó fúyẹ́, tí kò ní bọ́tìnnì rẹpẹtẹ ni kí ẹ rà, kí ẹ wá fi àkókò yín kọ́ ohùn rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Àwo róbótó tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá la ń pè ní kọ́ìlì. Wáyà bàbà ni wọ́n ká sínú rẹ̀ ní ìdì méjì. Iná tó ń gba inú ti àkọ́kọ́ kọjá ń yí padà lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ti agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Tí agbára yìí bá kan irin, ìbáà ṣe wúrà, idẹ tàbí ìṣó, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lára nǹkan náà, iná yẹn á sì mú agbára òòfà tirẹ̀ jáde. Wáyà kejì ló ń gbọ́ èsì yìí. Èsì ọ̀hún kì í yá bákan náà. Fàdákà àti bàbà, tí iná máa ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Fóìlì àti wúrà tín-ín-rín kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń wọn ìdádúró yẹn, òun ló sọ di nọ́ńbà tí ẹ ń rí lójú rẹ̀ àti ohùn tí ẹ ń gbọ́. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ kò mọ wúrà, kò mọ òrùka, kò mọ owó. Bí iná ṣe ń gba ara nǹkan náà kọjá nìkan ló mọ̀, pẹ̀lú bí nǹkan náà ṣe tóbi tó àti bó ṣe nípọn tó.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù lo irú rẹ̀ lọ́dún 1881 láti wá ọta ìbọn lára James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìn níbọn. Kò rí i. Dókítà tó ń tọ́jú ààrẹ gbà pé apá ọ̀tún ni ọta wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ló wà. Irin sípíríńgì inú ibùsùn náà tún ń da ohùn ẹ̀rọ rú. Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá pè mí pé ẹ̀rọ òun ń ké láìdákẹ́. Mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá irin wà níwájú rẹ̀, kó wo ibi tó gbé ṣọ́bìrì sí, kó sì pa fóònù àpò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo náà á dákẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń rí wúrà láti àádọ́ta mítà yẹn, ẹ má fi kọ́bọ̀ yín rà á. Agbára òòfà tí mo sọ yìí ń tán kíákíá bó ṣe ń jìnnà sí kọ́ìlì. Ẹ̀rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dáa á rí owó ẹyọ kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ìyẹn tí ilẹ̀ ò bá le jù. Nǹkan ńlá bí ìkòkò irin lè jìn tó mítà kan kó ṣì gbọ́ ọ. Ó parí síbẹ̀. Àwọn tó ń ta ọ̀pá tó ní òun ń tọ́ka sí wúrà láti òkèèrè kò yàtọ̀ sí ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James McCormick, tó ta ohun kan tí wọ́n ń pè ní ADE 651 fún ìjọba Ìráàkì pé ó ń rí bọ́ǹbù. Ọwọ́ ìdìmú oníke àti ọ̀pá eríàlì tó ń yí kiri lórí rẹ̀ ni, kò sí iná, kò sí ohunkóhun tó lè wá nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé e ní ojú ọ̀nà tí bọ́ǹbù ti ń dún. Lọ́dún 2013 ni ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹni tó fẹ́ ta tiyín fún yín, ẹ ní kó dijú, kí ẹ fi òrùka wúrà pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú abọ́ mẹ́wàá, kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wá a nígbà márùn-ún tẹ̀ léra wọn. Kò ní gbà.

Ó wá kan èyí tí ẹ máa rà. Irú tí wọ́n ń pè ní VLF (“very low frequency”), tó ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, ni ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Iye ìgbà tí iná inú kọ́ìlì ń yí padà ni wọ́n ń fi kHz kà: kHz kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín 3 sí 30 kHz ni àwọn tó ń ṣe é máa ń gbé e sí. Bí nọ́ńbà kHz bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa fún owó fàdákà ńlá tó jìn. Bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń gbọ́ wúrà kékeré, àmọ́ á máa gbọ́ pàǹtí kéékèèké náà. Àárín méjèèjì ló tù yín lára: láti 8 dé 15 kHz. Fún àpẹẹrẹ, Garrett Ace 300 ń lo 8 kHz, Nokta Simplex+ sì ń lo 12 kHz. Èyí kejì lè wọ inú omi tó jìn tó mítà 3 láìbàjẹ́. Tí ẹ bá mọ̀ pé etí òkun lẹ máa ti ń wá nǹkan jù, ẹ wá èyí tó ń lo oríṣiríṣi kHz pa pọ̀, irú Minelab Vanquish. Ìdí ni pé omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá, iyanrìn tútù á wá máa dáhùn bíi pé irin ni, ẹ̀rọ tó ń lo ẹyọ kan ṣoṣo á sì sọ̀rọ̀ títí tí etí yín á fi sú. Ṣùgbọ́n lára Vanquish, kọ́ìlì nìkan ló lè wọ omi. Àpótí orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ rì. Ẹ má gbàgbé èyí o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka “kò ní í bàjẹ́ nínú omi” lórí páálí láì bèèrè pé apá wo ni wọ́n ń sọ.

Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PI (“pulse induction”), tó máa ń ta agbára wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dákẹ́, á sì gbọ́ èsì. Ó ń jìn gan-an, ilẹ̀ olókùúta irin kì í sì dà á láàmú, àmọ́ kì í sábà mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó àti wúrà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ wo kọ́ìlì rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ DD sí lára máa ń wo ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ojú ọ̀bẹ, èyí ló ń jẹ́ kó lè ya ohun méjì tó sún mọ́ra sọ́tọ̀, tó sì ń fara da ilẹ̀ tó ní èròjà irin nínú. Kọ́ìlì tó tóbi ń jìn díẹ̀ sí i, àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń da ìṣó àti owó tó wà nítòsí ara wọn pọ̀ di ohùn kan. Fún ìbẹ̀rẹ̀, bíi íǹṣì 8 sí 11 ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà, èyí táwọn tó ń tà á kì í sọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà dání nínú ilé ìtajà, ẹ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Tí èjìká yín bá ti ń ta yín, kò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́ lóko, ẹni tí kò sì pẹ́ lóko kò ní kọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ tan án, kí ẹ rọra mi okùn wáyà ní ibi tó ti wọ inú kọ́ìlì. Tó bá dún nígbà tí irin kankan ò sí nítòsí, wáyà ti fẹ́ já nínú. Ayédèrú sì pọ̀: tí wọ́n bá ta èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ fún yín ní ìdajì owó rẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀ tuntun, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó sanwó.

Má gbé gbogbo owó lé ẹ̀rọ nìkan ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí. Ẹ fi díẹ̀ ra hẹ́ẹ̀dìfóònù, torí ohùn tó jìn máa ń rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Ẹ fi díẹ̀ ra atọ́ka kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú, tó rí bí karọ́ọ̀tì, tí a ń kì bọ inú ihò láti mọ ibi tí nǹkan náà wà gan-an. Kí n tó ní atọ́ka, mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá owó ẹyọ kan nínú iyẹ̀pẹ̀ tí èmi fúnra mi hú jáde. Ẹ ra ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú, àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, orí tábìlì ni ẹ ti máa kọ́ ọ, tábìlì igi tí kò ní ìṣó. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí etí rẹ̀ kí kọ́ìlì ta síta, kí ẹ wá máa mú nǹkan kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìṣó, ọmọrí ìgò, fóìlì, irin kékeré tí a fi ń ṣí agolo ohun mímu, òrùka, oríṣiríṣi owó ẹyọ. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ kọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dijú kí ẹlòmíràn máa mú wọn kọjá, kí ẹ máa sọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á yà yín lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bo owó mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ibì kan nínú ọgbà yín, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀kan ní 10, ọ̀kan ní 15, kí ẹ ri ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi àmì sí ojú ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó máa padà sí nígbàkigbà tí ẹ bá yí nǹkan kan padà lára ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni bí a ṣe ń ju kọ́ìlì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń jù ú bí ẹni ń ṣánko: á sún mọ́lẹ̀ láàárín, á gòkè ní ìparí lọ́tùn-ún àti lósì. Gbogbo ibi tó ti gòkè yẹn, ẹ kò wá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sókè ilẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Lílọ àti bíbọ̀ kan kó gba bí ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, kí ìjù tuntun bo ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rìn bí ẹni tí kò ní ibi kankan láti lọ.

Ẹ má gbé agbára ìgbọ́ràn ẹ̀rọ sókè dé òpin. Àwọn èèyàn rò pé bó ṣe ga tó náà ló ṣe máa jìn tó, bẹ́ẹ̀ ariwo ilẹ̀ àti ti wáyà iná tó wà lókè ló máa ń bo ohùn tó dáa mọ́lẹ̀. Ẹ dín in kù títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́ nígbà tí ẹ bá dúró sójú kan. Tó bá ní bọ́tìnnì tó ń mú un bá ilẹ̀ mu, ẹ wá ibi tí kò ní irin, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa gbé kọ́ìlì sókè sódò níbẹ̀ títí ohùn á fi rọlẹ̀.

Bọ́tìnnì tó ń sé irin kan mọ́, kí ẹ̀rọ má baà ké tó bá kàn án, ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń gba wúrà lọ́wọ́ àwọn èèyàn láìmọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n bá òun wá òrùka ìgbéyàwó òun tó bọ́ sínú koríko níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré. Mo ti gbé òrùka tó jọ ọ́ kọjá lórí tábìlì mi tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti 52 sí 55. Irin tí a fi ń ṣí agolo, láti 51 sí 56. Etí kò lè yà wọ́n. Gbígbẹ́ ló kù. Mo hú irin agolo mọ́kànlá jáde, mo ń tò wọ́n sórí àpò mi bí mo ṣe ń hú wọn, ìyá náà sì dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀. Ìkejìlá, 53, ohùn kan náà. Mo ya koríko, mo fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀, ohun kan sì ń dán yinrinyinrin níbẹ̀, kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Wúrà kì í dípẹtà. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà ló ṣe wà. Ká ní mo ti sé nọ́ńbà irin agolo mọ́ kí n má baà gbẹ́ pàǹtí, mi ò bá ti gba orí òrùka yẹn kọjá láìgbọ́ ohunkóhun.

Nítorí náà, fún ogún wákàtí àkọ́kọ́ yín, ẹ sé ìṣó nìkan mọ́, kí ẹ gbẹ́ gbogbo ohun yòókù tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì ní ojú kan náà. Ohun tó dáa sábà máa ń dún bákan náà láti ọ̀tún àti láti òsì, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sì fò ju díẹ̀ lọ. Ẹ yí ara padà kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Ìṣó tó ti dípẹtà máa ń tàn yín pẹ̀lú ohùn tó ga láti apá kan, á sì já tàbí kó pòórá láti apá kejì. Tí ẹ bá gbé kọ́ìlì sókè dé orúnkún tí ohùn náà ṣì le, agolo tàbí páànù ńlá ni.

Kí ẹ tó gbẹ́, ẹ fa kọ́ìlì lọ-bọ̀, kí ẹ tún fà á ní ìdábùú. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni nǹkan wà. Lórí koríko, ẹ gé apá mẹ́ta nìkan, kí ẹ fi apá kẹrin sílẹ̀ bí ìdè ilẹ̀kùn, kí ẹ ṣí i sẹ́yìn. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sórí aṣọ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti yọ nǹkan náà, ẹ tún wo inú ihò, torí owó kì í sábà dá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ padà, ẹ pa koríko dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lọ́la kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ wá síbẹ̀. Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí iyanrìn ha owó àtijọ́ kó lè dán. Omi lásán ti tó. Èyí tí ẹ bá ha, iyì rẹ̀ ti lọ.

Ilẹ̀ ní olówó rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ lórí ohun àtijọ́. Ibi tí ìjọba bá ti yà sọ́tọ̀ fún ìtàn, ẹ má tan ẹ̀rọ níbẹ̀ rárá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ní abúlé Hoxne nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ kan sọ òòlù rẹ̀ nù sóko, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes pé kó fi ẹ̀rọ awárin bá òun wá a. Wúrà àti fàdákà ìgbà ayé àwọn ará Róòmù ló bá. Nígbà tó rí bó ṣe pọ̀ tó, ó dáwọ́ dúró, wọ́n sì ké sí àwọn aláṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló wá wa ìyókù. Nítorí pé kò tú u ká, wọ́n lè mọ̀ pé inú àpótí igi ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Owó ẹyọ inú rẹ̀ lé ní 14,000. Wọ́n san 1.75 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún Lawes, ó sì pín in pẹ̀lú àgbẹ̀ náà. Wọ́n rí òòlù ọ̀hún pẹ̀lú, òun náà wà ní British Museum lónìí. Tí ẹ bá hú owó àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ihò kan ṣoṣo, ẹ ṣe bíi tirẹ̀: ẹ dúró.

Tí ẹ bá rí ohun tó jọ ọta ńlá tàbí bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítòsí rẹ̀, ẹ fi àmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè kí ẹ pe ọlọ́pàá. Tí ohùn kan bá gùn lọ bí ìlà, tí kò dópin, wáyà iná tàbí páìpù ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ padà lọ yá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín, ẹ kó ìṣó mẹ́rìnlá yẹn àti ọmọrí ìgò náà dání tí ẹ ò bá tíì dà wọ́n nù, kí ẹ tò wọ́n sórí tábìlì pẹ̀lú owó ẹyọ mẹ́ta. Ẹ gbé wọn kọjá níwájú kọ́ìlì rẹ̀ títí ẹ ó fi lè dijú sọ èyí tó jẹ́ ìṣó. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe rí lọ́wọ́ yín àti bí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa wá ṣe rí, bóyá iyanrìn etí òkun ni tàbí oko. Láti ibẹ̀ ni màá ti lè sọ èyí tó bá yín mu gan-an.